Ọ̀rọ̀ Ìyá Gàníyátù àti Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Tí O Ò Fẹ́ Lọ

Ìgàndó, Èkó.
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn òjò.

Tèmítọ́pẹ́ mi, Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Ara mi le. Mo jẹun láàárọ̀, mo lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, nítorí náà má wulẹ̀ pe aládùúgbò wa pé kó wá yọjú sí mi. Mo mọ̀ pé ìwọ lò ń rán an. Ohun kan ṣoṣo tó ń ṣe mí ni pé ilé yìí ti dákẹ́ jù. Yàrá rẹ ni mo jókòó sí tí mo ti ń kọ ìwé yìí. Oṣù mẹ́rin ti kọjá tí o ti lọ, síbẹ̀ tí mo bá fẹ́ se ìrẹsì, ti èèyàn méjì ni mo ṣì máa ń wọ̀n. Bí mo bá gbọ́ tí kẹ̀kẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́, mo ṣì máa ń gbé etí sí i bóyá ẹsẹ̀ rẹ ni mo máa gbọ́.

Mo lè pè ọ́ lórí fóònù, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n lórí fóònù, ọ̀rọ̀ wa kì í jìnnà tí wàá fi sọ pé, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ n pè yín padà, wọ́n ń dúró dè mí." Èyí tí mo fẹ́ sọ lónìí gùn ju ìyẹn lọ. Obìnrin tó ń ta aṣọ nísàlẹ̀ ilé wa ń bọ̀ ní Kàlàbá lọ́jọ́ Ajé, òun ló máa bá mi mú un wá fún ọ.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá ló jẹ́ kí n mú bíróò. O ní àjọ yín fẹ́ rán ẹ̀yin olórí lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ méjì, nípa bí èèyàn ṣe ń ṣe olórí láìyọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, àti bó ṣe yẹ kí a wo ipò tí oníkálùkù wà kí a tó pín iṣẹ́ fún un tàbí kí a tó dá a lẹ́jọ́. O ní wàá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ orúkọ rẹ kúrò. O ní, "Mọ́mì, mo ti kàwé gba mástà. Kí ni wọ́n tún fẹ́ kọ́ mi nípa bí mo ṣe máa bá èèyàn lò? Àwọn aboyún wà létí omi tí wọ́n ń retí wa, wọ́n ní ká wá jókòó sínú gbọ̀ngàn." Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà lo wá mẹ́nu ba Bàbá Ẹ̀fíọ́ngì, ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé yín lọ sáwọn abúlé etí odò. O ní kì í sọ̀rọ̀ nípàdé, ó kàn máa ń wo ilẹ̀ ni, pé ọ̀lẹ ni, àti pé o ti ń wá ẹlòmíì tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu mi.

Èmi náà sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí nípa ẹnì kan. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ọ títí dòní, torí ó ń tì mí lójú. Wá ibi kan jókòó sí, kí o fara balẹ̀ kà á.

O rántí ibi iṣẹ́ mi ní Ẹ̀gbẹ́dá, àjọ kékeré tó ń ran àwọn ìyá tí ọmọ wọn ò lè rìn tàbí jókòó fúnra wọn lọ́wọ́. Èmi ni mò ń bójú tó àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bẹ àwọn ìyá náà wò láti ilé dé ilé. Ìwọ ṣì wà ní girama, bàbá rẹ ò sì tíì pẹ́ tó kú. Mo gbájú mọ́ iṣẹ́ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ, torí ibẹ̀ nìkan ni nǹkan ti ń lọ bí mo ṣe fẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà ni Rìsíkátù. Bóyá wàá rántí rẹ̀, òun ló bá wa tún yúnífọ́ọ̀mù rẹ rán nígbà kan. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Ayọ̀bọ̀ ló ń gbé, aránṣọ ni kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ìwé mẹ́fà ló sì kà. Òun fúnra rẹ̀ ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Gàníyátù lorúkọ ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà yẹn. Kò tètè mí nígbà tí wọ́n bí i, láti ìgbà náà ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti le gan-an. Torí Gàníyátù ni Rìsíkátù ṣe mọ àjọ wa. Nígbà tó yá, ọ̀gá àgbà wa gbà á síṣẹ́ pé kó máa bẹ àwọn ìyá yòókù wò. Láti Ìkòtún dé Ayọ̀bọ̀, kò sí ìyá tó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí Rìsíkátù ò mọ ilé rẹ̀. Ó mọ èyí tí ọkọ ti já sílẹ̀. Ó mọ èyí tí ìyá ọkọ ní kó máa gbé ọmọ pamọ́ sí yàrá bí àlejò bá dé.

Àmọ́ ohun méjì péré lèmi rí lára rẹ̀: ó máa ń pẹ́ dé, kì í sì í sọ̀rọ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé la máa ń ṣèpàdé, ní àjà kejì, òyìnbó la sì ń sọ. Rìsíkátù á wọlé lẹ́yìn tí a bá ti bẹ̀rẹ̀, òógùn á ti bò ó, á wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ohunkóhun tí mo bá bi í, "Yẹs mà" ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fún un ní kúẹ́rì pé kó kọ̀wé ṣàlàyé ìdí tó fi ń pẹ́. Mo sì sọ fún ọ̀gá àgbà pé, "Obìnrin yẹn, ọ̀lẹ ni ṣá. Ó kàn ń wá jókòó ni."

Ní gbogbo ọjọ́rú, olùtọ́jú iṣan kan máa ń wá na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn ọmọ náà, á sì kọ́ àwọn ìyá wọn bí wọ́n ṣe máa ṣe é nílé. Inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìkòtún la ti ń ṣe é, lábẹ́ igi, lórí ẹní. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Gàníyátù kọ́kọ́ jókòó fúnra rẹ̀. Kò pẹ́ rárá kó tó ṣubú, àmọ́ gbogbo àwọn ìyá pàtẹ́wọ́, àwọn kan sì ń sunkún.

Lọ́dún kan, wọ́n gba yàrá ńlá kan sí i fún wa ní àjà kejì yẹn. Ó ní táìlì, ó ní fáànù. Mo rò ó pé á dáa kí a kó ìtọ́jú ọjọ́rú kúrò lábẹ́ igi wá síbẹ̀. Òjò ò ní pa ẹnikẹ́ni, àwọn àlejò tó ń ràn wá lọ́wọ́ á sì rí ibi tó mọ́ ya fọ́tò. Mo kéde rẹ̀ nípàdé. Rìsíkátù na ọwọ́ sókè. Ó ní, "Mà, àwọn ìyá yẹn ò ní lè..."

Mo dá a dúró. Mo ní, "Rìsíkátù, ọ́fíìsì la wà. Sọ ọ́ ní òyìnbó."

Ó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bíi méjì jáde, ìkẹta há sí i lẹ́nu. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Sọ́rì, mà," ó sì jókòó.

A kó lọ sókè. Ọjọ́rú àkọ́kọ́, ìwọ̀nba ìyá díẹ̀ ló wá. Kí oṣù kejì tó parí, ẹní wa ti di òfo, olùtọ́jú iṣan á wá jókòó, á wo aago, á lọ. Rìsíkátù ni mo di ẹ̀bi rù. Mo ní iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pè wọ́n wá, kò sì ṣe é. Ó ń wo ilẹ̀. Nígbà tí ọdún parí, mo kọ̀wé sí ọ̀gá àgbà pé kí wọ́n má tún gbà á mọ́, wọ́n sì ṣe bí mo ṣe wí. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó pọn Gàníyátù wá dágbére fún mi. Ó ní, "Mà, ẹ ṣeun o. Ẹ bá mi kí Tọ́pẹ́." Mi ò gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ọ̀gá àgbà ní kí n lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Dópẹ́mú, irú èyí tí wọ́n fẹ́ rán ẹ lọ gan-an. Bí o ṣe sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi lèmi náà ṣe sọ̀rọ̀. Wọ́n ní dandan ni kí n lọ. Mo kó iṣẹ́ ọ́fíìsì dání, mo jókòó sẹ́yìn pátápátá, mò ń fi àmì sí àwọn ìwé mi.

Obìnrin ará Ìbàdàn kan ló ń kọ́ wa, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó pín bébà fún wa. Ó ní kí oníkálùkù ya yàrá tí wọ́n ti ń ṣèpàdé níbi iṣẹ́ rẹ̀, kó kọ orúkọ ẹni tó ń jókòó síbi kọ̀ọ̀kan. Mo yà á. Ó wá ní, "Ẹ kọ ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ ní kó tó lè wọ yàrá yẹn, kó sì sọ̀rọ̀ níbẹ̀."

Mo kọ ọ́ pé: òyìnbó. Ẹsẹ̀ tó lè gun àtẹ̀gùn. Ẹni tó máa báni gba ọmọ kí aago mẹ́jọ tó lù. Ọkàn tí kò bẹ̀rù ọ̀gá. Nígbà tí mo kà á padà, gbogbo rẹ̀ pátá lèmi ní. Mo wá wo orúkọ tí mo kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Kò ní ọ̀kankan nínú wọn. Mo tún ronú kan àwọn ìyá yẹn, tí kálukú wọn máa pọn ọmọ ọdún mẹ́jọ, ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí wọ́n á wá fi gun àjà kejì. Mo kó ìwé ọ́fíìsì mi sínú àpò.

Nígbà tí wọ́n ní ká sinmi díẹ̀, mo lọ bá obìnrin náà níbi tó ti ń po tíì. Mo ní, "Mà, tó bá jẹ́ pé ẹni náà ti lọ ńkọ́?"

Ó ní, "Ṣé ẹ mọ ilé rẹ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ń po tíì rẹ̀ lọ.

Ní Sátidé, mo lọ sí Ayọ̀bọ̀. Mo bá a nídìí máṣíìnì. Gàníyátù wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Rìsíkátù dìde, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì bu omi fún mi. Títí di ọjọ́ yẹn, orúkọ rẹ̀ gan-an ni mo máa ń pè é. Mo ní, "Ìyá Gàníyátù, mo wá bẹ̀ ọ́ ni. Lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, kí lo fẹ́ sọ?"

Ó tún jókòó, ó rán aṣọ díẹ̀ kó tó dá mi lóhùn. Ó ní, "Mo fẹ́ sọ pé wọn ò ní lè gbé ọmọ gun òkè yẹn, mà. Ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, ẹsẹ̀ la fi ń rìn dé bẹ̀. Ti Ẹ̀gbẹ́dá, a gbọ́dọ̀ wọ kẹ̀kẹ́, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ò sì fẹ́ gbé wa, wọ́n ní ó máa ń pẹ́ ká tó wọlé ká tó jókòó. Mo sì fẹ́ sọ pé àwọn ìyá ò fẹ́ fọ́tò tí wọ́n ń yà wọ́n."

"Kí ló dé tí o ò wá bá mi lẹ́yìn ìpàdé?"

Ó ní, "Ẹ ti rẹ́rìn-ín, mà."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ká ní ó bínú ni, ì bá rọrùn fún mi. Mo wá bi í nípa pípẹ́ tó máa ń pẹ́. Ó ní oúnjẹ kì í tètè gba ọ̀fun Gàníyátù kọjá. Tí òun bá kánjú fún un, á há a lọ́fun. Ó máa ń tó wákàtí kan kí ọmọ náà tó jẹun tán láàárọ̀, lẹ́yìn náà lòun á wá gbé e lọ sọ́dọ̀ àbúrò òun, kí òun tó wá ọkọ̀. Gbogbo ìyẹn ló wà nínú ìdáhùn kúẹ́rì tó kọ fún mi, ní òyìnbó tí kò gún. Mo rí òyìnbó náà, mi ò ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

Mo ní kó jẹ́ kí n gbé Gàníyátù jókòó. Ó ní, "Kò lè jókòó mọ́, mà. Láti ìgbà tí a ò rí olùtọ́jú mọ́ ni ẹ̀yìn rẹ̀ ti le padà. Mò ń nà án fúnra mi, àmọ́ ọwọ́ mi ò mọ̀ ọ́n tó."

Tọ́pẹ́, mi ò mọ bí mo ṣe dé ilé lọ́jọ́ náà. Ìwọ lo ṣílẹ̀kùn fún mi. O bi mí pé kí ló ṣe mí lójú, mo ní eruku ni.

Lọ́jọ́ Ajé, mo sọ ohun gbogbo fún ọ̀gá àgbà, mo sì sọ fún un pé ìwé tí mo kọ nípa rẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Wọ́n ní kó padà wá. Kò gbà lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí a kọ́kọ́ kó ìtọ́jú padà sí Ìkòtún, kí ìpàdé máa bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá, kí ẹni tó bá fẹ́ sọ Yorùbá máa sọ Yorùbá. Ó ní kì í ṣe torí òun nìkan. A ṣe gbogbo rẹ̀. Àwọn ìyá ń padà wá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọn òṣìṣẹ́ tí mo rò pé wọn ò ní nǹkan kan láti sọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ló sọ fún wa pé àwọn bàbá kan máa ń dúró lẹ́nu géètì tí ojú ń tì wọ́n láti wọlé tẹ̀ lé ìyàwó wọn. A ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, Rìsíkátù di olórí àwọn tó ń bẹ ilé wò, iṣẹ́ náà sì bá a mu jù mí lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì kí Gàníyátù tó tún jókòó, kò sì lè jókòó pẹ́ bó ṣe ń ṣe kí a tó kúrò lábẹ́ igi. Èyí tí a pàdánù yẹn, a ò rí i gbà padà.

Wọ́n ti kó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí, lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ tó ti darúgbó. Àárò òun náà máa ń sọ mí.

Ìdí tí mo fi sọ gbogbo èyí fún ọ nìyí. Èkínní, lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà. Má lọ bí mo ṣe lọ, má kó iṣẹ́ dání. Iwájú ni kí o jókòó sí. Mástà tí o gbà dáa, ó sì wú mi lórí, àmọ́ kò sẹ́ni tó kọ́ ọ níbẹ̀ bí o ṣe máa mọ ohun tí àwọn tó wà lábẹ́ rẹ ń fi pamọ́ fún ọ. O ní àwọn aboyún ń retí yín. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ nípa àwọn ọmọ tí à ń tọ́jú lọ́jọ́ náà, ọwọ́ mi ló sì ti ibi tí wọ́n ń lọ pa.

Èkejì, jàre, má lé Bàbá Ẹ̀fíọ́ngì. O ní ó ti ń wa ọkọ̀ lórí omi yẹn kí n tó bí ọ. Òyìnbó lẹ fi ń ṣèpàdé, Ẹ́fíìkì ló sì ń sọ, àbí? Mú ẹni tó gbọ́ èdè náà dání, kí o lọ jókòó tì í nínú ọkọ̀ rẹ̀, kì í ṣe nínú ọ́fíìsì rẹ. Kí i bí àgbàlagbà. Bi í pé nígbà tó bá ń dúró dè yín létí omi, kí ni àwọn obìnrin abúlé máa ń sọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti wọlé tán. Kí o wá dákẹ́ títí á fi sọ̀rọ̀.

Má rò pé ohun tí mò ń sọ ni pé kí o má bá òṣìṣẹ́ wí. Rìsíkátù náà ṣẹ̀ lẹ́yìn tó padà dé, mo sì bá a wí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé mo ti kọ́kọ́ bèèrè. Nǹkan kan náà tí a fún gbogbo èèyàn lè má wúlò fún ẹlòmíì. Aago mẹ́jọ kan náà ni mo fún gbogbo wọn, mo sì ń pe ara mi ní olódodo.

Tí o bá sì ti ibẹ̀ dé, má fi ẹ̀kọ́ náà sínú àpò. Kọ́ awakọ̀, kọ́ agbálẹ̀, kọ́ ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ọ̀gá nìkan lẹ mọ̀ ọ́n, àwọn tó kù á kàn máa dúró de ìgbà tí inú yín bá dùn.

Ó ku ọ̀kan, òun ló sì ṣòro jù fún mi láti kọ.

Gbogbo ohun tí mo kọ́ ní Dópẹ́mú, ibi iṣẹ́ ni mo lò ó. Mi ò mú un wálé. Nínú pálọ̀ tiwa, èmi nìkan ló ń sọ̀rọ̀, ìwọ náà á ní, "Yẹs mà," wàá sì wọ yàrá lọ. Mo rí i. Mo rò pé ọmọ tó gbọ́ràn ni. Lẹ́yìn tí o ti fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ Kàlàbá lo tó sọ fún mi. Mo ní o kú oríire, mo sì lọ sí kíṣìnì lọ bó iṣu tí ẹnikẹ́ni ò ní kí n bó. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè bóyá iṣẹ́ lo bá lọ, tàbí ohùn mi lo sá fún.

Mò ń bi ìwọ fúnra rẹ báyìí. Bí o bá máa fèsì, má kọ ohun tó máa mú inú mi dùn. Kọ ọ́ bó ṣe rí. Bó bá jẹ́ èmi ni mo jẹ́ kí o lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀, sọ fún mi, mi ò ní bínú. Màá kà á, màá tún un kà. Lẹ́yìn náà màá pè ọ́, ìwọ ni wàá sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Èmi ìyá rẹ,
tí àárò rẹ ń sọ lójoojúmọ́.